Sàréè Àkọ́kọ́ ní Aba Láoyè

Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí Láoyè, bàbá Awóníyì, ti ṣán igbó létí odò Òpépé, tó gbin kòkó, tó sì kọ́ ahéré kan ṣoṣo. Lónìí, ilé ti lé ní ogójì níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń wo ara wọn, ilé-ìwé wà, òpó iná ti dé, bí iná fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì mọ̀nà. Ohun kan tí kò sí ni sàréè. Ẹni tó bá kú ní Aba Láoyè, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, sí agboolé bàbá rẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn òwe yẹn tó Awóníyì. Ogójì ọdún ni Tinúadé, ìyàwó rẹ̀, fi bẹ̀ ẹ́ pé kó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ yàrá àwọn.

“Ta ní ń da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ oko?”

Gbogbo sìmẹ́ǹtì tó rà, Ìlódè, àdúgbò wọn ní Ilé-Ifẹ̀, ló kó o lọ, sínú ilé tí wọn kì í sùn sí àfi lọ́jọ́ ọdún. Olóríkunkun ni bàbá náà, ká má purọ́.

Tinúadé kú lọ́jọ́ Ajé. Kó tó dákẹ́, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

“Bàbá Fisáyọ̀mi, ẹ má gbé mi lọ síbi tí n kò gbé. Ibí ni mo ti bímọ.”

Lọ́jọ́ kejì, Ọládipọ̀, ẹ̀gbọ́n Awóníyì, gbé mọ́tò dé láti Ìlódè. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ní ká sin òun síbí.”

“Sínú oko? Awóníyì, bó o bá sin ín síbí, o ti sọ ibí dilé nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ ò ní mọ Ìlódè mọ́.”

Awóníyì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó wo ilẹ̀ yàrá náà, tí Tinúadé ń fi ìgbẹ́ màlúù pa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tó fi ń dán. Ojú tì í gidigidi. Láti ogójì ọdún, ilé ni obìnrin yìí ń gbé. Òun nìkan ló ń gbé oko.

“Kò ní lọ, ẹ̀gbọ́n.”

“Ìwọ ńkọ́, lọ́jọ́ tìrẹ?”

Awóníyì mú ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ẹ bá mi ní kí wọ́n dí kòtò tí wọ́n gbẹ́ ní Ìlódè. Kí wọ́n má fi dè mí.”