Ọ̀nà Àbùjá sí Ọjà Inú

Láyí ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Láyí apárí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó níbí. Ká ní ẹlòmíì ni, mi ì bá sọ pé irọ́ ló ń pa. "Màmá, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní ó sọnù yìí ò sọnù o. Ó wà níbí látọjọ́ yìí." Ó ń jẹ gúgúrú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Kò sọnù.

Oṣù méje. Oṣù méje ni mo ti ń sọ fún gbogbo Sábó pé Ọmọlará, ọmọ tó ń bá mi tẹ̀wé, pa iṣẹ́ oníbàárà mi rẹ́, pé àfàìmọ̀ kó má ti tà á fún ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Mo sọ fún ìyá oníbúrẹ́dì. Mo sọ fún ẹni tó ń ta bébà fún wa. Mo sọ fún ẹni tí kò tiẹ̀ bi mí — kò sì sọnù.

Ó wà lójú kọ̀ǹpútà báyìí, mo ń wò ó. Àwòrán kékeré kan, bí àpótí, ọfà tíń-ín-tín wà nídìí ẹ̀. Láyí ní ọ̀nà àbùjá ni. Ó ní inú ẹ̀rọ yìí pín sí yàrá méjì, ẹnì kan ló fi yàrá kejì pamọ́ kí ojú má baà tó o, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ó ní bí ìgbà téèyàn ta aṣọ dí ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ yàrá náà á ṣe ọ̀nà àbùjá ẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí. Iṣẹ́ Adéníran, oníbàárà mi yẹn, wà níbẹ̀ gbágbáágbá, ojú ewé kan ò dín.

Èmi ò mọ̀wé. Àwòrán ni mo mọ̀. Ọkọ mi ló fi owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ra ẹ̀rọ yìí, ó ní ayé ti ń kúrò níbi léèsì. Ọdún kan ò pé tó fi kú. Mo fi ìsọ̀ léèsì mi ní ọjà Tejúoṣó sílẹ̀, mo wá ń ṣọ́ nǹkan tí mi ò lè kà. Kí ló kù tí mo fẹ́ mọ̀? Àpótí méjì ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀. Ọjọ́ tí Adéníran wá gba iṣẹ́ tó fẹ́ fi jáde iléèwé, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ọmọlará ti lọ sìnkú bàbá ìyá ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Mo pe Hilda tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa, ó wò ó, ó ní wọ́n ti nù ún nù. Ọmọkùnrin yẹn bú sẹ́kún níwájú àwọn oníbàárà mi. Kí ni kí n ṣe? Kí ni ẹnikẹ́ni ì bá ṣe?

Tòun ti báàgì ni Ọmọlará wọlé nígbà tó dé láti Ìjẹ̀bú. Mi ò jẹ́ kó gbé e kalẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í, ìṣẹ́jú kan —" Mo gbá a létí. Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́ láyé.

Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan péré ló tọrọ.

Owó oṣù ẹ̀ méjì tó wà lọ́wọ́ mi, mo kó o fún Adéníran pé kó fi wá ẹni tó máa tún iṣẹ́ ẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá ba ọjà jẹ́ ló ń san án. Bá a ṣe ń ṣe é ní Tejúoṣó nìyẹn. Mo tiẹ̀ ń yangàn. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tó wáṣẹ́ lọ, ẹnu mi ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀. Ilé iṣẹ́ oníbisikíìtì ní Ìlúpéjú ló wà báyìí, ó ń to bisikíìtì sí páálí lórí ìdúró. Ọmọ tó ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀wé láìwo ọwọ́ ẹ̀.

Mi ò mọ̀ ni. Ta ló máa mọ̀?

"Màmá, ṣé kí n fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ lójú ẹ̀, àbí kí n mú un kúrò?" Mo ní kí Láyí lọ mumi ná. Ó ti lọ... Bí mo bá ní kó mú un kúrò ńkọ́? Kó tó dé ìkóríta, ó ti gbàgbé. Adéníran ti jáde iléèwé. Ọmọ yẹn ti ríṣẹ́. Ta ló ń bi mí? Àwòrán kékeré lásán-làsàn. Kó mú un kúrò. Kó mú un kúrò, kí n rójú —

Àmọ́ ó kà á sí mi létí. Ó ní wọ́n sọ yàrá náà lórúkọ. "Ọjà Inú ni wọ́n kọ síbẹ̀, Màmá. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀.

Mo mọ̀. Ẹnu èmi ló ti jáde. Léèsì gidi kì í dé orí tábìlì ní Tejúoṣó. Èyí tó wà níta, ti awòran ni. Gidi wà lábẹ́ bẹ́ńṣì, nínú àpò, oníbàárà tá a mọ̀ nìkan là ń fà á yọ fún. Òun là ń pè ní ọjà inú. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú òkú Ìjẹ̀bú yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan fi dísíkì jí iṣẹ́ ẹlòmíì kó níbí, èmi ni mo jágbe mọ́ Ọmọlará: "Ṣé o ò gbọ́n ọgbọ́n ọjà ni? Gbé ọjà inú kúrò níta." Ó ní, "Ó dáa, mà." Ó lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ṣe é. Ó tún fi orúkọ tí mo pè é sọ ọ́.

Mi ò rántí ni. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu oníṣòwò, èwo ni kí n rántí? Mi ò rántí. Ọjọ́ kẹta tí mo lé e, mo jókòó síbí, bí mo ṣe jókòó yìí, nǹkan kan sì ń bọ̀ lọ́kàn mi... mo dìde, mo lọ ra ẹ̀wà. Kí ni ẹ̀wà ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Láyí ti dé. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo so owó oṣù Ọmọlará méjì mọ́ ìdí ìró.

Iwájú géètì, Ìlúpéjú. Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú ẹ̀, bí ẹni tó ti hu ewú. Mo rojọ́. Mo ní mo gbàgbé ni, ọmọ mi, èmi ni mo ní kó o ṣe é, mo gbàgbé pátápátá. Ó wò mí. Kò rí mi fín. Ohùn tó máa fi ń sọ pé "Ó dáa, mà" náà ló fi sọ ọ́:

"Mo rò pé ẹ rántí, mà."

Ó kúnlẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó wọlé padà sídìí bisikíìtì ẹ̀.

Owó ti pé. Mi ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ mọ́. Kí n máa lọ sílé. Kí n —

Ọjọ́ kẹta. Ẹ̀wà. Ebi ò pa mí lọ́jọ́ yẹn. Mo ti jẹun. Mo ra ẹ̀wà náà, mi ò jẹ ẹ́, mo dà á sí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde sí mi lọ́kàn lódindi, gbé ọjà inú kúrò níta, tòun ti ohùn ẹ̀ tó ní ó dáa, mà. Mo sì ti sọ fún ìyá oníbúrẹ́dì.

Mo rántí. Àtọjọ́ kẹta ni mo ti rántí.