Ẹ̀kán Funfun Méje

Ojúmọmọ nìkan ni bọ̀dá mi máa ń kun ọ̀dà. Wọn kì í tan iná sí i. Wọ́n ní iná máa ń parọ́ mọ́ àwọ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tábìlì wọn wà: àga kan, ìgò tína kan tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀dà kúrò lára nǹkan, ife tí wọ́n ń fọ búrọ́ṣì sí, àti ife tíì tí kì í jìnnà sí i. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti búrọ́ṣì bọ inú tíì. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mu tíì náà.

"Ó dùn ju èyí tí ìwọ máa ń pò lọ," ni wọ́n wí.

Èmi àti àwọn nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá mẹ́rin. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí. Ọkọ tèmi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kan, ó juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé, n kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. A wá kó ara wa jọ sí yàrá méjì lókè ilé alájà mẹ́ta. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀ níbẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá fi máa gun àtẹ̀gùn ilé wa dókè, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi, ẹsẹ̀ mi á ti wú, ọwọ́ mi á ti hunjọ. Màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wo ẹ̀yìn bọ̀dá mi níbi tí wọ́n tẹ̀ba sórí tábìlì, bí ẹni ń wo ògiri.

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi po ọ̀dà ní èbúté, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Tí ara ọkọ̀ kan bá bó, bọ̀dá mi ló ń po ọ̀dà tó máa bá ìyókù mu, débi pé kò sẹ́ni tó máa mọ ojú àlẹ̀mọ́ náà. Ojú lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìdí nìyẹn táwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ń pè wọ́n ní Ojúlówó. Ọkọ̀ akérò ńlá kan wà, aláwọ̀ ewé tó ṣú dùdù, ọdún méjì méjì ló ń wá kun ara, ọ̀dà bọ̀dá mi nìkan ló sì ń gbà. Ọdún tí bọ̀dá mi fẹ̀yìn tì gan-an ni àwọn tó ni ọkọ̀ náà tà á fáwọn tó ń tú irin. Ọkọ̀ kékeré méjì ló wá fà á lọ. Bọ̀dá mi lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n kàn gbé páálí ìṣáná kan sórí tábìlì. Èépá ọ̀dà ọkọ̀ náà ló wà nínú rẹ̀, kò tóbi ju èékánná lọ.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí irú ọkọ̀ náà gan-an nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù kan: ọkọ̀ oníke téèyàn máa ń tò fúnra rẹ̀, ó lé ní irínwó ègé, gbogbo rẹ̀ ṣì so mọ́ igi ike bí èso. Tí wọ́n bá tò ó tán, kò ní gùn ju láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka. Àmọ́ ojú wọn ti ń ṣe ségesège nígbà yẹn. Awọ ti ń bo ẹyinjú méjèèjì. Dókítà ní òun á bá wọn là á, ó sì dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún wọn.

"Tó bá là á tán tí mi ò ríran mọ́ ńkọ́?"

"Bọ̀dá, dókítà ní kò léwu."

"Ojú ta ló fẹ́ là? Ṣé tiẹ̀ ni?"

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọkọ̀ náà parí kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i nínú àwọ̀ rẹ̀, bóyá òun ni wọ́n máa rí kẹ́yìn.

Èmi ò rò pé ojú náà ṣì tó o ṣe. Mo ti rí i tí wọ́n lẹ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ téèyàn fi ń sá àsálà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá náà, tí wọ́n sì dojú rẹ̀ dé. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí òjò kún inú rẹ̀ ni. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn ò rí i ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ọkọ̀ náà lórí ọrùn ìgò tí wọ́n gbé e lé kó lè gbẹ. Ìsàlẹ̀ tó máa ń wà nínú omi pupa dáadáa. Àmọ́ àwọ̀ ewé òkè rẹ̀ ti ṣá. Mo ṣí páálí ìṣáná, mo gbé èépá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò bára tan. Èépá yẹn ṣú bí ewé inú igbó, ọkọ̀ sì dà bí aṣọ tí a ti fọ̀ nígbà igba. Mo mọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni mò ń sá sórí okùn lójoojúmọ́.

"Bọ̀dá, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

"Kí ló ṣe é?" Wọ́n ti dùbúlẹ̀, wọ́n fi aṣọ tútù bo ojú.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn... ó ṣá díẹ̀ lójú mi."

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, Aláṣejù. Lọ jẹun."

Aláṣejù ni wọ́n ti ń pè mí láti kékeré, látìgbà tí mo fọ bàtà ilé-ìwé wọn títí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fi ṣí. Mo lọ jẹun. Ojúlówó ò mọ àwọ̀ ewé mọ́. Ta ni mo fẹ́ rán kó lọ sọ fún wọn? Èmi gan-an ò ní ẹnu ẹ̀. Mo rò ó títí, ó rẹ̀ mí, mo sì pinnu pé màá bá wọn tún un ṣe láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n má bàa fi àwọ̀ irọ́ sọ́kàn lọ dùbúlẹ̀ níwájú dókítà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́ wọn tó ti ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní èbúté wá mú wọn lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò.

"Ojúlówó, dìde, jẹ́ ká lọ wọn ojú!" Àtìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti ń pariwo.

"Kí wọ́n bá mi wọn ẹnu tìrẹ náà. Bóyá wọ́n á rí ìdérí tó máa gba ibẹ̀."

Bí wọ́n ṣe jáde, mo jókòó sórí àga wọn. Ìyókù ọ̀dà tí wọ́n pò wà nínú àwo kékeré, wọ́n ti dé e. Ilé ìfọṣọ ló bà mí jẹ́: ohun tí mo bá ti rí tí kò mọ́, màá ti fọ̀ ọ́ kí n tó ronú. Mo fi tína fọ àwo náà títí ó fi ń dán. Mo wá po tèmi, ọ̀dà àwọ̀ ewé lásán pẹ̀lú dúdú bíńtín, mo ń fi èépá wọ̀n ọ́n. Mo kun ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí, búrọ́ṣì ń lọ sápá kan ṣoṣo, bí mo ṣe ti ń wo ẹ̀yìn wọn láti ọjọ́ yìí. Nígbà tó gbẹ, mo gbé èépá lé e lórí, mi ò rí èépá mọ́. Omi bọ́ lójú mi. Ó ti rẹ̀ mí jù.

Wọ́n ti kán oògùn sí wọn lójú nílé ìwòsàn, gbogbo nǹkan dà bí èéfín lójú wọn. Bọ̀dá mi sùn lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó gbé ìgò náà sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. Wọ́n fi èékánná kàn án.

"Ta ló gbé ọkọ̀ yìí sún mọ́ mi?"

"Ibi tẹ́ ẹ gbé e sí náà ló wà, Bọ̀dá."

"Mi ò sọ ti tábìlì."

Mo jẹ́wọ́. "Mo rò pé ojú yín..."

"Mo mọ ohun tó o rò." Ká ní wọ́n pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn. "Ìwọ náà. Ó dáa. Wá jókòó. Ọkọ̀ yẹn ga tó ilé yìí lọ́nà méjì. Kó tó lè kéré tó báyìí lójú rẹ, ibo lo máa dúró sí?"

"Ọ̀nà jíjìn."

"Kí ló máa wà láàárín yín?"

"Omi."

"Àti kí ni?"

"Afẹ́fẹ́?"

"Afẹ́fẹ́ yẹn máa ń mu àwọ̀. Gbogbo ẹni tó ń kun ọkọ̀ kékeré ló mọ̀ ọ́n. Tó o bá gbé ọ̀dà ọkọ̀ ńlá sí i lára bó ṣe rí, á dà bí ohun ìṣeré. O gbọ́dọ̀ fi funfun sí i kí ojú lè gbà pé ó jìnnà. Ẹ̀kán méje ni mo fi sí i, mo kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó o kùn yìí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí mo bá dúró lórí pákó tí imú mi ń kan ikùn ọkọ̀. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún rí ìyẹn. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ń fà á lọ ni mo fẹ́, nígbà tó kéré tó báyìí tí mi ò tíì kúrò níbẹ̀." Wọ́n nawọ́ wá inú afẹ́fẹ́. "Àwo ọ̀dà mi dà?"

"Mo ti fọ̀ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ sùn. "O ti fọ̀ ọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀."

Ọ̀dà àwọ̀ ewé tó kù nínú agolo kò tó ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà iye méje yẹn ò wúlò mọ́. Oògùn ò sì tíì kúrò lójú wọn. Wọ́n lè mọ ohun tó ṣú yàtọ̀ sí ohun tó ṣá, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan sí èkejì, wọn ò lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fà mí sórí àga.

"Ojú rẹ la máa lò."

"Èmi? Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"O ti dúró wo ohun tó ń lọ rí."

Mo kán funfun sí i, mo rò ó pọ̀, mo fi kun bébà kan, mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ṣó dà bí ohun tó o lè fọwọ́ kàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kán òmíràn. Ní báyìí ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí. Mo wo bébà náà, mo sì rí fèrèsé ọkọ̀ ojú irin kan, pẹ̀lú ọwọ́ tí mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń jù sí mi àbí ó ti dúró.

"Ó ti ń lọ," mo wí.

"Ó tó. Má fi nǹkan kan kún un."

Wọ́n yíjú láti wá ife tíì wọn. Mo tún kán ẹyọ kan sí i, kó lè dá mi lójú. Mi ò sọ.

Mo fi kun ọkọ̀ náà, àmọ́ ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ti nípọn jù. Ó di àwọn ìlà tín-ín-rín tó yí fèrèsé ọkọ̀ náà ká, ara rẹ̀ sì rí bọ̀kọ̀tọ̀ bí ara ẹni tó wọ ẹ̀wù mẹ́ta. Ó gbẹ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ múra ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn ara mi ní gbogbo àkókò tí mo fi jókòó síta yàrá iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì ojú ọ̀tún nílé, ọkọ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n gbé wá. Wọ́n gbé e sójú fèrèsé. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Aláṣejù."

"Bọ̀dá."

"Ẹ̀kán kan ló lé."

Wọ́n dá ọkọ̀ náà padà sórí ìgò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n lọ po tíì wá, kí n má sì ṣe ṣúgà rẹ̀ ní àṣejù.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo kúrò nílé yẹn, mo sì jìnnà. Bọ̀dá mi ò sí mọ́. Ọkọ̀ náà wà lórí pẹpẹ lọ́dọ̀ mi, ọkọ̀ àsálà rẹ̀ ṣì dojú dé. Awọ ti ń bo ojú èmi náà báyìí. Láti orí àga tí mo jókòó sí yìí, ẹ̀kán kan yẹn kò lé.