Ohun Tó So Ìbéèrè Tíṣà Fákúnlé Pọ̀

Tíṣà Fákúnlé ti fọ́nnu yí Iléṣà ká pé kò sẹ́ni tó máa já ìbéèrè Kérésì òun ti ọdún 1968.

Kí ni wọ́n ń wà ní Ìtagunmódi? Wúrà, ni ìjọ dáhùn. Ẹran wo ní í rẹrù fún Hausa? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kí ní í tọ́ atukọ̀ sọ́nà lókun? Ìràwọ̀.

"Ó dáa, kí ló so wọ́n pọ̀?"

Tíṣà ń rẹ́rìn-ín bó ti ń wo gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíká.

"Eré Kérésì yín ni!"

Háà! Ìyá Nọ́síràtù, télọ̀ Mùsùlùmí, ló yọjú lójú fèrèsé. Ẹnu Tíṣà là, kò lè pa á dé.

"Ìyá, ta ló sọ fún yín?"

"Ọdún mẹ́wàá rèé tí mo ti ń rán aṣọ eré náà: ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ti ìràwọ̀, ti ọba tó gbé wúrà. Ẹ ò pè mí wá wò ó rí."