Òtẹ́ẹ̀lì Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayé-ń-yí

Ní ọdún tí owó Údójì jáde, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra rédíò bí ẹni ra ẹ̀pà, ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó kó ẹ̀rọ ìṣiré wá sí pápá kan ní Òṣogbo. Ẹṣin onígi ń yí níbẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké ń kọlu ara wọn láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan tó ga ju igi àràbà lọ sì ń gbé ènìyàn lọ sókè, ó ń gbé wọn padà sílẹ̀. Orúkọ òyìnbó gígùn kan wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ará Òṣogbo kò ní ahọ́n tí wọ́n fẹ́ fi ṣòfò lórí ìyẹn. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n pe ibẹ̀ ní Ayé-ń-yí, ó parí.

Òkìkí rẹ̀ kò pẹ́ kó tó dé Iléṣà. Olúmúyìwá Fásanmí, tí ń ta aṣọ níbẹ̀, tí Ọlọ́run sì ti bá ṣe é nídìí òwò rẹ̀, ṣèlérí fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì pé òun yóò mú wọn lọ. Inú Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ dùn ju ti àwọn ọmọ lọ, nítorí ọmọ Òṣogbo ni. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Sànúsí, tí ń fi abẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá, ń gbé ní Alekuwodo, ilé wọn kò sì jìnnà sí pápá náà rárá. Àpìkẹ́ ti ń ro ohun tí òun yóò dì lọ fún ìyá òun nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ pé wọn kò ní í sùn sílé ẹnikẹ́ni. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọn yóò sùn.

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ yó ní Iléṣà kó tó gbéra, ebi kò ní í tíì máa pa á nígbà tó bá dé Òṣogbo. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òtẹ́ẹ̀lì ṣe? Fásanmí ṣàlàyé fún un bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ó ní Béjidé, tí àwọn jọ wà lẹ́gbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí Ìbàdàn nígbà Kérésìmesì tó kọjá, ó sì sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Láti ìgbà náà, kò sí ìpàdé tí wọ́n ṣe tí kò ní í rí ibi tí yóò ti ki ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì náà bọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ pé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jò ni wọ́n ń jíròrò lé lórí.

“Ìgbádùn tí ènìyàn lọ jẹ tó sì padà sílé sùn,” Fásanmí wí, “iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìgbádùn.”

Àpìkẹ́ mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ilé àna kì í ṣe ibi tí ọkùnrin ti ń na ẹsẹ̀. Bí Fásanmí bá wà nílé àwọn Àpìkẹ́, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún, títí kan àbúrò bàbá Àpìkẹ́ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tirẹ̀. Wọn a jí i pẹ̀lú ìpè ìrun Àsùbáà, bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ ni. Bàbá a sì jókòó tì í, a máa bi í léèrè bí ọjà ṣe ń lọ, a sì máa dúró de ìdáhùn. Àpìkẹ́ béèrè ohun tí wọn yóò sọ bí àwọn òbí òun bá gbọ́ pé ọmọ àwọn wọ ìlú, ó sì lọ sùn sílé èrò. Fásanmí ní báwo ni wọn yóò ṣe gbọ́? Ó ní Òṣogbo tóbi.  Ní Alekuwodo tí Àpìkẹ́ dàgbà sí, kò sí ẹni tó lè ra ẹja lọ́jà kí àdúgbò má mọ irú ọbẹ̀ tó fẹ́ sè.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, wọ́n kó sínú Píjò, wọ́n kọrí sí Òṣogbo. Bí wọ́n ti ń súnmọ́ òpópó ilé bàbá Àpìkẹ́, Fásanmí ní kí ó tẹrí ba. Àpìkẹ́ fi gèlè bojú, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni tó jí nǹkan gbé, ó sì gba iwájú ilé tí wọ́n bí i sí kọjá láìrí i. Ọmọlará, àgbà nínú àwọn ọmọ, béèrè bóyá inú ló ń run ìyá òun.

Òtẹ́ẹ̀lì méjì ló wà létí pápá náà, wọ́n kọjú síra wọn bí orogún. Ti apá ọ̀tún ń jẹ́ Ìtura. Mùtàlíbù tó ni ín ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin títí di ọjọ́ náà. Èrò ló ń pe àlejò. Ó bi Fásanmí bóyá ipò kìíní ló fẹ́ àbí ipò kẹta. Fásanmí béèrè ipò kejì. Mùtàlíbù ní ìyẹn ti kún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn nínú gbogbo ilé náà ju ewúrẹ́ kan tó ń sùn lẹ́bàá àtẹ̀gùn lọ.

Ohun tí Mùtàlíbù fi ń yangàn ni omi ẹ̀rọ. Ó mú wọn dé ilé ìwẹ̀, ó fi ẹ̀rọ omi tí ń dán gbinrin hàn wọ́n. Fásanmí yí i. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, aláǹtakùn kan sì já bọ́ láti ẹnu rẹ̀.

“Ó ń bọ̀,” Mùtàlíbù wí, ojú rẹ̀ kò yí padà. “Ó ti kúrò ní Ẹdẹ.”

Òtẹ́ẹ̀lì kejì ń jẹ́ Párádáìsì. Ọláfúnkẹ́ tó ni ín ti gbé ní Lọ́ńdọ̀nù rí, imú ló sì fi ń sọ Yorùbá. Nínú yàrá tó tóbi jù lọ níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù kan wà, funfun báláú. Fásanmí rí i, ó yọ fìlà. Àpìkẹ́ ní tirẹ̀ lọ sídìí fèrèsé láti wo Ayé-ń-yí, nítorí ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ni pé láti yàrá náà ni ènìyàn yóò ti máa wò ó. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀rọ amúlétutù náà sì ni wọ́n fi dí i pa. Ó béèrè bóyá wọ́n lè tàn án. Ọláfúnkẹ́ ní ó tì o, ní Lọ́ńdọ̀nù a kì í ṣàdédé tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò bá tíì mọ́ ọn, kí òtútù má baà wọ ọmọ lára. Fásanmí mi orí bí ẹni pé òun náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí ó mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí ọ̀ràn sì tán. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Fásanmí, kò ra nǹkan láìná an rí. Ó padà sí Ìtura láti sọ fún Mùtàlíbù pé ẹ̀rọ amúlétutù wà lódìkejì. Mùtàlíbù ní òun yóò pa adìyẹ fún wọn. Fásanmí fi ẹnu gbé adìyẹ náà lọ bá Ọláfúnkẹ́, ìyẹn ní òun yóò gbé tíì àti ẹyin dídín fún wọn lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Fásanmí gbé ẹyin padà dé ọ̀dọ̀ Mùtàlíbù. Ó lọ, ó bọ̀, ó na orí bẹ́ẹ̀dì gbogbo tòun ti bàtà, ó fi ìka gbá ògiri wò bí ẹni ń ra àgbá. Nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń yan, àwọn ọmọ ń wo àwọn ọmọ ẹlòmíràn tí ń lọ sókè tí wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀, èyí àbúrò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àpìkẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ pàdé ọkọ rẹ̀ láàárín títì.

“Bàbá Ọmọlará, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gun ohun tí a torí rẹ̀ wá, kí ẹ tó gun bẹ́ẹ̀dì tán.”

Fásanmí ní Ayé-ń-yí kò ní í sá lọ, ó wà níbẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ìdúró Àpìkẹ́ láàárín títì yẹn ló ba nǹkan jẹ́, nítorí gèlè ti kúrò lójú rẹ̀. Mùtàlíbù yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó sì rí i. Mọ́sálásí kan náà lòun àti Àlàájì Sànúsí ń kírun, imú Àlàájì sì ni Ọlọ́run gbé lé ọmọbìnrin náà lójú.  Nígbà tí Fásanmí mú Párádáìsì níkẹyìn, tó ní ènìyàn kò lè fi adìyẹ wé ẹ̀rọ amúlétutù, Mùtàlíbù kí i pé ó dàbọ̀, ó wọ bàtà, ó gba Alekuwodo lọ.

Wọn kò tíì tú ẹrù tán nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn lọ́nà. Àpìkẹ́ na ọwọ́ sí gèlè. Bàbá rẹ̀ ló wọlé pẹ̀lú agbádá Jímọ̀, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú abọ́ ńlá tí wọ́n fi aṣọ bò, àwọn àbúrò bàbá àti àwọn ìyàwó wọn ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnikẹ́ni nílé. Fásanmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, níbi tí àyè kò ti gbà á. Àpìkẹ́ kúnlẹ̀, ó ń kí wọn láìgbójú sókè.

 Àlàájì Sànúsí wo kọ́tìnì, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ amúlétutù. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rọra fò díẹ̀ wò.

“Àna wa, ẹ dìde,” ó wí. “Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí ni mo ti ń wá ẹni tí n óò wá kí níbẹ̀. A kì í ṣe ọ̀mùtí, a kì í ṣe alágbèrè, kí ni à bá wọlé wá sọ?”

Bí ẹ̀rù ṣe kúrò lọ́kàn Àpìkẹ́ nìyẹn, tó sì dé ojú ọkọ rẹ̀. Àwọn ìyàwó bọ́ bàtà, wọ́n gun bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ṣí abọ́, wọ́n jẹun, wọ́n fi ọbẹ̀ ta aṣọ ibùsùn funfun náà. Ìyá Àpìkẹ́ yí ẹ̀rọ omi, omi sì jáde, wọ́n bá tò láti lọ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọláfúnkẹ́ wá láti fi imú kọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n Àlàájì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí gábàsì wà nínú yàrá náà kí wọ́n lè kọjú síbẹ̀ kírun, kò sì sí ẹni tó bi í ní irú ìyẹn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń rò ó lọ́wọ́ tí wọ́n fi tẹ́ ẹní.

Nígbà tí wọ́n kírun Ìṣáì tán, Àlàájì fa agbádá bo ẹsẹ̀, ó ní òtútù ẹ̀rọ yìí mà pọ̀. Wọn kò tíì tan ẹ̀rọ náà láti àárọ̀. Síbẹ̀ àwọn ìyàwó gbà pé òtútù náà pọ̀ lóòótọ́, ọ̀kan sín, Ọláfúnkẹ́ sì sáré gbé aṣọ ìbora wá tayọ̀tayọ̀. Kò pẹ́ tí oorun gbé ìyá Àpìkẹ́ lọ, ó gbé àwọn ọmọ lọ, ó gbé ẹ̀gbọ́n, ó gbé àbúrò. Fásanmí dúró sẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò sí ibòmíràn.

Àlàájì wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní kò dára kí á jí ẹni tó ń sùn. “Ilé wa ṣófo, àna wa. Ìyá Àgbà tó bí mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ sùn sórí ibùsùn mi.”

Fásanmí wo ìyàwó rẹ̀ pé kó gba òun sílẹ̀. Àpìkẹ́ gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Láàárọ̀, oòrùn ti mú díẹ̀ kí Àpìkẹ́ tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ níta. Ó gbọ́ tí aṣọ́nà ń bi í pé ta ló ń wá. Fásanmí ní òun lòun ni yàrá ńlá. Aṣọ́nà ní rárá o, yàrá ńlá, ti Àlàájì Sànúsí ni, wọn ò tíì mu tíì tán, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Fásanmí bínú, èdè Ìjẹ̀ṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀, èyí tó mú kí aṣọ́nà náà túbọ̀ dúró gbọn-in. Ó yẹ kí Àpìkẹ́ sáré jáde. Ṣùgbọ́n gèlè rẹ̀ kò jókòó dáadáa, ó tú u, ó tún un wé. Bàbá rẹ̀ ló padà gbé ife tíì lọ́wọ́ jáde.

“Jẹ́ kó wọlé,” ó wí fún aṣọ́nà. “Ara wa ni.”

Fásanmí wọlé. Àpìkẹ́ rí i pé ara rẹ̀ dán, ó ti fi omi gbígbóná wẹ̀. Ó bi í bóyá ó sùn. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó dáhùn pé Ìyá Àgbà fún òun ní ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, kò sì bi òun ní ìbéèrè kankan nípa ọjà, òun kò sùn bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣòwò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo wọn jọ lọ sí Ayé-ń-yí. Àlàájì kò gun un, ó ní òun yóò bá wọn mú bàtà dání. Àwọn ọmọ wọ àga iwájú pẹ̀lú ìyá ìyá wọn, Àpìkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ wọ tẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ náà gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀. Àpìkẹ́ rí òrùlé páànù tó pọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ, ó rí ojú irin, ó rí igi dúdú kìjikìji lọ́nà odò. Ó wá rí àgbàlá kan tí ẹnìkan sá ìró aláró sí, arúgbó kan ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

“Ẹ wo ilé wa,” ó wí. “Ẹ wo Ìyá Àgbà.”

“Mo rí wọn,” Fásanmí dáhùn. “Ó dára púpọ̀.”

Àpìkẹ́ yí ojú sí i. Fásanmí di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì pa ojú dé pátápátá. Àpìkẹ́ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ lórí irin náà, ó sì ń ròyìn ìlú náà fún un bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, òrùlé kan tẹ̀ lé òmíràn.