Àmì Tí Pírínsípà Ń Wá

Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, pírínsípà wa ní Kábà, fẹ́ràn kí wọ́n máa rí àmì ọwọ́ òun. Tó bá gbin òdòdó, orúkọ rẹ̀ á wà lára ìkòkò rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mo ti kó ẹgbẹ́ jọ́gíráfì lọ pàgọ́ ní ìdí òkè kan lẹ́yìn Ìyah-Gbẹdẹ, ó gbé ọ̀dà pupa sínú mọ́tò, ó wá bá wa.

Ìyá Olúbọ̀dé ló ni ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀ dáná sí ìdí igi irú rẹ̀, ìdajì igi náà sì kú. Èso igi yẹn ló fi ń ṣe irú tó ń tà. Ó búra pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó gbà, àmọ́ ó ní tóun bá rí eérú bíńtín, ó parí nìyẹn.

N ò fi ojú rere kọ́ àwọn ọmọ náà rárá. Orí páànù àlòkù tí a da iyanrìn sí la ti dáná, a sì kó eérú rẹ̀ sínú àpò. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà nínú báàgì wọn. Koríko tí àgọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e dìde. Orí mi wú.

A ti di ẹrù tán láàárọ̀ ọjọ́ tí pírínsípà dé. Ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún.

"Àǹtí Fẹ̀hìntọlá, ibo lẹ sùn sí?"

"Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an ni, sà."

"Irọ́! Kí ni n ó fi han àwọn òbí?" Ó gbé ọ̀dà jáde. "Success, kọ orúkọ ilé ìwé sára àpáta yẹn gàdàgbà. Tí n ò bá rí àmì, mo ti tú ẹgbẹ́ yín ká."

Success, ọmọbìnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ni olórí ẹgbẹ́ náà. Ó wò mí. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́, torí ẹgbẹ́ yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ tíṣà ṣì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi.

"Má kọ nǹkan kan," ni mo wí.

Success lọ jókòó, ó fẹ̀yìn ti àpáta náà. Àwọn yòókù jókòó tì í.

"Èmi lẹ ń ṣe báyìí sí?" Pírínsípà fi kọ́kọ́rọ́ já ìdérí agolo fúnra rẹ̀. Ó fi ìbínú fà á sókè. Agolo bọ́, ọ̀dà sì tú sórí koríko.

Ìgbà náà ni Ìyá Olúbọ̀dé yọ, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

"Okun o," ó kí wa.

"Okun o, Ìyá."

Ó yí igi irú rẹ̀ po, ó fẹsẹ̀ tú koríko wò. "Níbo lẹ dá uná sí?" A fi páànù àti àpò eérú hàn án. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló rí ọ̀dà. "Ta ló ṣe èyí?"

Gbogbo wa kàn ń wo pírínsípà.

"Màmá, ọ̀dà lásán ni," ó ní. "Òjò á fọ̀ ọ́."

Success dìde, ó yá ọkọ́ Ìyá, ó wú koríko àti iyẹ̀pẹ̀ tí ọ̀dà bà jẹ́ pátápátá sínú àpò, ó ju agolo lé e. Ó gbé e rù, ó lọ gbé e sínú búùtù mọ́tò pírínsípà.

"Ohun tí a bá gbé wá là ń gbé lọ, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ padà wá," ni Ìyá wí. "Kí ọkùnrin yìí jókòó sí ulé ẹ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pírínsípà kéde pé òun ti tú ẹgbẹ́ wa ká. Tiẹ̀ nìyẹn. A ti fọ páànù wa, bàbá Success sì máa fi mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ gbé wa padà sọ́dọ̀ Ìyá ní Sátidé. Kó tẹ̀ lé wa tó bá wù ú. Kò ní rí àmì kankan.