Olójú Méjì, Olójú Mẹ́fà

1.

…nítorí náà, ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ńlá ló rà.

Ẹ má wulẹ̀ máa retí nǹkan mìíràn. Ọkùnrin tó bá dúró níwájú ààrò gáàsì méjì, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, tó wá fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń ronú, ó ti yan ńlá. Gbogbo ìyókù, àwáwí ni.

Télọ̀ ni. Ọ̀gá Òṣùwọ̀n làwọn oníbàárà ń pè é.

Kì í ṣe èmi o.


2.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Bàámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti ọkọ mi ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Kì í ṣe oúnjẹ la ń bọ̀ wá jẹ. Ẹ mọ ohun tó ń retí láti gbọ́ lẹ́nu yín. Tí kò bá gbọ́ ọ, a ò ní bínú, ṣùgbọ́n a ò ní padà wá mọ́.

ÈSÌ. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ máa bọ̀. Màá sun ẹran.


3.

(Ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ náà wí, ọdún mẹ́ta ni.)


4.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, bó bá jẹ́ pé mo rántí rẹ̀ dáadáa:

Ọmọkùnrin kan wá sílé, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ. Wọ́n bi í léèrè iṣẹ́. Ó ní òun ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì. Télọ̀ fa téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀ síwá, ó fà á sẹ́yìn, ó ní: "Mi ò fi aṣọ tó dáa wọ ọmọ mi láti kékeré kó lè wá máa rùn fún èéfín nílé ọkọ."

Ọmọkùnrin náà dìde. Ó kí wọn, ó lọ.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Télọ̀ tó rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò, ẹlòmíràn ló rán ti ọmọ rẹ̀.

Mo gbọ́ pé apá rẹ̀ fún un jù.


5.

ILÉ ÌDÁNÁ. Ọjọ́ Ajé yẹn náà.

ÌYÀWÓ: Ẹran kí lẹ fẹ́ sun?

TÉLỌ̀: Ẹran ni.

ÌYÀWÓ: Ṣé ohun tí ọmọ yẹn ní kí ẹ sọ nìyẹn?

TÉLỌ̀: Iná niṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Tó bá rí mi nídìí iná, tí mo ń làágùn nítorí tiẹ̀, á yé e.

ÌYÀWÓ: Kí ló máa yé e?

TÉLỌ̀: Á ṣáà yé e.

ÌYÀWÓ: "Ẹ má bínú" ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, bàbá ọmọ mi. Kò sì gba gáàsì.

TÉLỌ̀: Ìwọ náà! O ò mọ nǹkan ńlá.

ÌYÀWÓ: Ó dáa. Tó bá jẹ́ iná lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ wo inú ilé ìdáná yìí ná.

TÉLỌ̀: Ta ló ń sun ẹran àlejò nínú ilé?

Ó jáde. Kò wo nǹkan kan.


6.

Láti inú ìwé tí télọ̀ ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

ORÚKỌ: Kékeré
OJÚ INÁ: méjì
ÀYÀ: ínǹṣì mọ́kànlélógún
ARA: páànù lásán, wọ́n kùn ún lọ́dà dúdú
ÌDÚRÓ: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó dà bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́.

ORÚKỌ: Ńlá
OJÚ INÁ: mẹ́fà
ÀYÀ: ínǹṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìbú rẹ̀ nìyẹn o. Gígùn rẹ̀, ẹ má bèèrè.
ARA: irin tí kì í dípẹtà. Mo rí ojú mi nínú rẹ̀.
ÌDÚRÓ: ó dúró bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè.
ÀFIKÚN: aago tó ń sọ bí ooru ṣe tó. Bọ́tìnì tó ń tàn. Ibi tí wọ́n lè gbé ìkòkò kà lẹ́gbẹ̀ẹ́. (Ìkòkò kí ni? Mi ò mọ̀. Ibẹ̀ ṣáà wà.)

"Mo rí ojú mi." Òun ló kọ ọ́. Mo kàn ń dà á kọ ni.


7.

ṢỌ́Ọ̀BÙ ALÁÀRÒ. Ọjọ́rú.

OLÙTAJÀ: Èèyàn mélòó lẹ fẹ́ sun ẹran fún, sà?

TÉLỌ̀: Mẹ́rin. Bí ẹ bá ka èmi náà mọ́ ọn.

OLÙTAJÀ: Kékeré ti tó yín, sà.

TÉLỌ̀: Ó tó ta ni?

OLÙTAJÀ: Èèyàn mẹ́fà pàápàá ló tó. Ká sòótọ́, iná kì í bèèrè iye tí wọ́n ra ààrò kó tó jó.

TÉLỌ̀: Àwọn wo ló wá ń ra ńlá?

OLÙTAJÀ: Àwọn tó mọ̀ pé àlejò máa wò ó ni.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú.

TÉLỌ̀: Ṣé ó ṣeé tú palẹ̀?

OLÙTAJÀ: Ńlá kẹ̀? Kékeré ló ń wá ní ègé-ègé, tí ẹ máa fi nọ́ọ̀tì dè é fúnra yín bí ẹni tí kò rẹ́ni rán. Ńlá, wọ́n ti jó o pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Òdidi ló ń dé. Bí ọba.

TÉLỌ̀: Bí ọba.

OLÙTAJÀ: Ẹ jókòó, sà, kí n kọ rìsíìtì.


8.

Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀ láti ọdún pípẹ́:

BÍ O BÁ Ń ṢIYÈMÉJÌ, GÉ E KÓ TÓBI.
ÈYÍ TÓ TÓBI ṢEÉ DÍN.
ÈYÍ TÓ KÉRÉ, Ọ̀RỌ̀ ÀDÚRÀ NI.


9.

Ọjọ́bọ̀. Ó wọn ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, bó ṣe ń wọn èèyàn láti ogbọ̀n ọdún wá. Ó na téèpù, ó di abẹ́rẹ́ méjì sẹ́nu, ó ní kí ògiri má mí.

Ọ̀NÀ Ẹ̀GBẸ́ ILÉ
ÀYÀ: mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ÌBÀDÍ: mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ÌDÍ: kò yàtọ̀

"Kò yàtọ̀" yìí, kò wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ti rí àyà àti ìbàdí ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń mọ ìdí wọn.


10.

Ègé bébà tó wà nínú àpótí abẹ́rẹ́. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n.

Ọkọ ọmọ mi, mo

Ọkọ ọmọ mi, lọ́jọ́ yẹn, ooru mú gan-an, mo sì

Ṣé olójú mẹ́fà lẹ ń lò níbi iṣẹ́ yín?

Mo


11.

Ọjọ́ Ẹtì. Ìwé ìlò dé ṣáájú ààrò. Ojú ewé kejì:

Ẹ MÁ ṢE TAN ÁN NÍBI TÍ KÒ TÓ ẸSẸ̀ BÀTÀ MẸ́WÀÁ SÍ FÈRÈSÉ TÀBÍ ILẸ̀KÙN.

Ẹ̀yìnkùlé télọ̀: ẹsẹ̀ bàtà ogún. Kò síṣòro.

Iwájú ilé rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ta ló bèèrè iwájú ilé?


12.

SÁTIDÉ, AAGO MẸ́WÀÁ. Agbẹ́rù mẹ́rin, ààrò kan.

OLÓRÍ AGBẸ́RÙ: Kò kọjá, bàbá.

TÉLỌ̀: Ó máa kọjá. Mo wọ̀n ọ́n.

OLÓRÍ AGBẸ́RÙ: Lókè, ó kọjá. Nísàlẹ̀, ẹ wo nǹkan yìí.

Nǹkan yìí: ẹ̀rọ tó ń fa omi. Wọ́n dè é mọ́ ògiri ní déédéé ìdí èèyàn. Láti ara rẹ̀ sí ògiri kejì, ínǹṣì méjìlélógún.

TÉLỌ̀: Ẹ gbé e gorí ẹ̀rọ náà.

OLÓRÍ AGBẸ́RÙ: Èèyàn mẹ́rin ló ń gbé e. Ọ̀nà yín, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn. Àwa méjì tó kù, ṣé ká fò ni?

TÉLỌ̀: Ẹ gba inú ilé.

OLÓRÍ AGBẸ́RÙ: Ìyàwó yín ti ní ká wọn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ínǹṣì mẹ́rìnlélógún.

TÉLỌ̀: Ẹ dín in.

OLÓRÍ AGBẸ́RÙ: Kí la máa dín, bàbá? Ògiri àbí irin?


13.

Kékeré ì bá kọjá.


14.

Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí iwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé, níbi tí ìwé ìlò ní kí wọ́n má tan án. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí télọ̀ kú orí ire. Ó ń dá wọn lóhùn. Ó ń nù ún.

Ẹran wà nínú abọ́, tútù, lórí àga.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọkọ̀ kan dúró.


15.

ỌKỌ ỌMỌ: Ẹ kú ilé, sà.

TÉLỌ̀: Ẹ kú àbọ̀. Olójú mẹ́fà ni.

ỌKỌ ỌMỌ: Mo rí i, sà. Ó dára.

TÉLỌ̀: Kí lẹ̀yin ń lò nílé?

ỌKỌ ỌMỌ: Olójú méjì, sà. Láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni mo ń wo iná níbi iṣẹ́. Tí mo bá délé, mi kì í fẹ́ rí èyí tó pọ̀.

(Ọmọbìnrin náà ń wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ń wò ó.)

TÉLỌ̀: Mo…

ỌMỌ: Ẹ̀ẹ́n, Bàámi?

TÉLỌ̀: Mo… ṣé ẹ rí i pé bọ́tìnì rẹ̀ ń tàn?


16.

Ó ń tàn lóòótọ́. Àwọ̀ búlúù ni.


17.

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rìn. Mo rò pé ọkọ ọmọ náà ni. Ó gbé abọ́ ẹran, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ní páànù?" Ìyá ní páànù ò wọ́n òun. Wọ́n wọlé. Ọmọ náà tẹ̀ lé wọn. Àwa tó kù níta kò ju méjì lọ: èmi àti ààrò.

Ẹ gbà mí láyè kí n tún un kọ: télọ̀ àti ààrò.

Rárá. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.


18.

Mo wọlé. Ọkọ ọmọ mi dúró sídìí sítóòfù, ó ń gbìyànjú láti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, kò ká. Ẹni tó rán ẹ̀wù náà ò mọ ọwọ́ ọkùnrin. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ká a fún un ní ìlọ́po mẹ́ta, bí mo ṣe máa ń ká a fún oníbàárà. Mo ká èkejì.

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mo ní, "Apá rẹ̀ gùn jù. Ẹ mú un wá, kí n dín in."

Ọmọ mi wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó kà á sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Àpò rẹ̀ ṣì wà lẹ́jìká rẹ̀, kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.


19.

Ọkọ rẹ̀ ṣáná. Ó yí bọ́tìnì kìíní: kò sí nǹkan kan. Ó yí èkejì. Ó yí ẹ̀kẹta.

ÌYÀWÓ: Ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì nìkan ni, ọmọ mi. Ẹ rọra, ó máa ń pẹ́ kó tó mú.

Ó mú.

Kò sẹ́ni tó wo ojú mi.


20.

Sítóòfù ìyàwó mi ní ojú mẹ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta.