Òyà Lẹ́yìn Ọ̀nì

Kabuwe, àbúrò ìyá mi, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò bá já lù, òkú ìtàn ni. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Gbogbo abúlé wa létí odò ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá ń pa ìtàn lọ tí ó sì dùn, ẹlòmíràn á pariwo láàárín rẹ̀ pé, "Ẹ dúró! Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn!" Á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, á fi orin sí i, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí onítàn máa bá a lọ. Onítàn tí wọn kò já lù rárá, ó yá kó tètè lọ sùn.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ ìwé kọ, ní Paramaribo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa, níbi tí mo ti ń fọṣọ fún àwọn ènìyàn. Nígbà tí mo padà sílé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ọmọdé ní èdè wa, nítorí èdè Hólàndì nìkan ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń kà nílé-ẹ̀kọ́. Méjì ti jáde. Ẹ̀kẹta, ìtàn Òyà tí Ọ̀nì gbé sọdá odò lọ sí oko ẹ̀pà, ló yẹ kó wọ ọkọ̀ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Wirjo, atẹ̀wé mi tó ti ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ajé ni mo kà á fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Mo fi ohùn nípọn fún Ọ̀nì, mo fi ohùn tínrín fún Òyà. Kò sí ẹni tó mira. Wọ́n ká ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo nọ́ọ̀sì tó gbé abẹ́rẹ́ dání.

"Màmá, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe dákẹ́?" ni Tíṣà Shirlene wí, inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ ìlú ńlá ni, kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. "Tèmi bá ni, ariwo ni! Ẹ bá mi fi ìwé yìí sílẹ̀ jàre, kí n máa fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Ó rò pé òun ń yìn mí ni.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, tí mò ń gé ọ̀rọ̀ kúrò. Ìwé ọmọdé dà bí ọkọ̀ kékeré: ẹrù kan ṣoṣo tó bá lé, ó ti rì. Mo yọ ibi tí Òyà ti ń dágbére fún ìyá rẹ̀. Mo dá a padà. Mo tún yọ ọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, kódà nígbà tí kò bá fẹ́ràn mi.

Kabuwe ń yan búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ lórí irin gbígbóná. "Kí ló dé tí o ń ha ìwé bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja?"

"Ẹ bá mi gbọ́ ọ, Kabuwe." Mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ó dáa."

"Ó dáa nìkan?"

"Ọmọ mi, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, oòrùn sì wà lókè. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n máa jó?"

"Ó dáa" yẹn nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo ti pinnu pé ìwé náà kò ní bá ọkọ̀ lọ. Òkú ni, èmi kò sì ní gbé òkú fún ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ kejì ni mo gbé ìkòkò mi lọ sódò. Moina, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, wà nínú omi dé ìbàdí, ó ń fi iyanrìn fọ àwo. Àwọn ọmọdé mìíràn ń wẹ̀ nítòsí, àwọn obìnrin ń fọ agbada.

"Moina, jọ̀ọ́, má purọ́ fún mi. Ìtàn mi ò dùn, àbí?"

"Ó dùn."

"Kí ló wá dé tí o ò já lù mí?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo àgbàlagbà tó wọ ẹ̀wù sódì. "Lọ́sàn-án gangan? Ẹ fẹ́ kí ìyá mi kú ni?"

Mo jókòó sórí òkúta. A kì í pa ìtàn lójú oòrùn lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá pa á, tàbí tó bá dá sí i, ikú ló ń pè sórí ìyá rẹ̀, àfi bó bá kọ́kọ́ fa irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kan tu. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti rò pé ìwé kì í ṣe ẹnu.

"Ẹ̀yin gan-an ò fa irun kankan," Moina ń bá a lọ. "Gbogbo wa là ń wò yín. A ní bóyá nítorí pé ẹ ò ní ìyá mọ́ ni ò jẹ́ kí ẹ bẹ̀rù."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Mo fa irun kan tu, omi bọ́ lójú mi. Moina fa tirẹ̀, ó ní, "Yéè!" Àwọn yòókù ń fa tiwọn, wọ́n ń pariwo. Mi ò mú ìwé dání, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti wà lórí mi. Mo pa á dé ibi tí Òyà ti wà lẹ́yìn Ọ̀nì láàárín odò, tí Ọ̀nì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

"Ẹ dúró! Èmi náà wà níbẹ̀!" Moina ju àwo sílẹ̀. "Àwo ni mò ń fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀nì ò fẹ́ pa á o! Èékánná Òyà ló ń họ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀rín ló ń pa á, ẹ̀rín ló mú un rì. Ó ń kọrin pé:

Òyà, rọra, rọra o,
ẹ̀yìn mi kì í ṣoko ẹ̀pà,
rọra họ ọ́, rọra o!"

Wọ́n gbè é. Àwọn obìnrin ń lu ìdí agbada. "Ó yá, ẹ máa bá a lọ, Màmá," ni Moina wí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a lọ? Nínú ìwé mi, ọ̀dàlẹ̀ ni Ọ̀nì. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹ̀rín mú Òyà náà, àwọn méjèèjì mu omi yó, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí òdìkejì, wọ́n jókòó ti ẹ̀pà.

Ọ̀sán yẹn ni mo tún un kọ. Àwòrán Ọ̀gbẹ́ni Wirjo kò ní yí padà, nítorí eyín Ọ̀nì tó ń bínú àti èyí tó ń rẹ́rìn-ín, eyín kan náà ni. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lọ́sàn-án kọ́kọ́ fa irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí ọkọ̀ ti gbé e lọ, mo bá Moina létí omi. "Orin rẹ ti wà nínú ìwé o. Orúkọ rẹ náà wà níbẹ̀."

"Ó ti yá jù! Ẹ̀ bá dúró, mo ti ní èyí tó dùn jù ú lọ."

"Kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ìyá mi ń pè mí."

Lóòótọ́, obìnrin náà ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti òkè. Moina to àwo lé àwo, ó gbé wọn rù, ó sì gun bèbè odò lọ, ọrùn rẹ̀ nàró ṣánṣán, kò wẹ̀yìn.